Eyín Mẹ́rin àti Ẹsẹ̀ Bàtà Kan

Ọ̀gá Kékeré, ọmọ mi àtàtà,

Kí o tó ka ìlà kejì, wá ibi kan jókòó sí, kí o sì di àga náà mú dáadáa, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹni tó bá wà lórí ìdúró lè ṣubú. Bàbá rẹ ti ní eyín méjìlélọ́gbọ̀n pé pérépéré lẹ́nu. Wọ́n funfun báláú, wọ́n tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà, kò sí ọ̀kan tó yà kúrò. Dókítà tó wo ẹnu mi pe gbogbo àwọn dókítà yòókù wá, wọ́n tò yí mi ká, ọ̀kan nínú wọn ń sunkún ayọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé fọ́tò mi kọ́ sára ògiri kí àwọn aláìsàn máa wò ó kí ara wọn lè yá. Lánàá tí mo rẹ́rìn-ín músẹ́ lójú títì, oníkẹ̀kẹ́ kan wò mí títí tó fi gun orí òkìtì iyanrìn.

Ó dáa. Ó ti tó. Ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi, ó ń ka ohun tí mo ń kọ láti orí èjìká mi bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ iléèwé tó ń ṣe ìdánwò, ó sì ti fi ìka ta mí létí. Ó ní kí n pa méjìlélọ́gbọ̀n yẹn rẹ́. Bírò ni mo fi kọ ọ́, kò ṣeé pa rẹ́, nítorí náà jẹ́ kí n kàn dín in kù: eyín mẹ́rin ni. Mẹ́rin iwájú, lókè. Ohun tó tún kù níbẹ̀ ni pé bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, wọn ò sí lẹ́nu mi. Inú ife omi ni wọ́n wà lórí tábìlì, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ti oníkẹ̀kẹ́ yẹn, òótọ́ ni pé ó gun òkìtì iyanrìn, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní bíréèkì rẹ̀ ni kò dáa.

Jẹ́ ká padà sẹ́yìn ká kí ara wa bí ọmọlúàbí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń sùn dáadáa? Ṣé onílé rẹ ti tún òrùlé tó ń jò sórí ibùsùn rẹ ṣe, àbí abọ́ ṣì ni o fi ń gba omi? Ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ńkọ́, ẹni tí o ní ó máa ń wúkọ́ kó tó bínú? Bá mi kí i, kí o sì máa tètè fún un ní omi mu. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o ṣe wàhálà fún ẹlòmíràn jẹ. Ibi tí o bá jókòó sí ò ní gbóná mọ́ ọ nídìí. Ilẹ̀kùn ire tí o bá tì ò ní há, wẹ́rẹ́ ló máa ṣí. Èmi bàbá rẹ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ nǹkan díẹ̀ nípa ilẹ̀kùn.

Ilé wà dáadáa. Ìyá rẹ wà pa, ohùn rẹ̀ ò tíì dínkù. Adìẹ dúdú ti pa ọmọ mẹ́sàn-án, ó ń kó wọn gba inú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá láràárọ̀ bí ẹni tí ìjọba rán wá yẹ iṣẹ́ wò. Kọ́bọ́ọ̀dù tí tíṣà ní kí n kàn, mo ti parí rẹ̀, ó ku ilẹ̀kùn kan tó kọ̀ láti pa dé, àwa méjèèjì ṣì ń bá ara wa fà á. Ọ̀rẹ́ mi onígbàjámọ̀ kí ọ. Ó ti ra digi tuntun, láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn kan ti ń lọ gẹ irun tí wọn ò ní.

Ohun méjì wà tí mo fẹ́ tètè sọ kí n má baà gbàgbé. Àkọ́kọ́, bí ilé ìwòsàn ńlá bá pè ọ́ lórí fóònù nítorí ẹsẹ̀ bàtà kan, má dá wọn lóhùn. Bàtà pọ̀ láyé. Ibi tí èèyàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ta ló mọ ẹni tó ni èwo. Èkejì, ìwé tí o fọwọ́ sí ní ọ́fíìsì yín nítorí eyín mi, ìyẹn tí o rò pé mi ò mọ̀ nípa rẹ̀, mo ti mọ̀. Lọ gbà á padà kí oṣù yìí tó parí. Owó tí o ń tọ́jú láti fi padà sí iléèwé, iléèwé ni kó lọ. Mo ń bọ̀ wá ṣàlàyé, má sáré fò lọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà.

Ó yá, ọ̀rọ̀ eyín. O mọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìwọ fúnra rẹ lo máa ń jókòó sínú èérún igi nígbà tí o wà ní kékeré, tí o máa ń ṣa ìṣó tó bá bọ́ sílẹ̀, tí o máa ń kà á síwájú mi, tí o máa ń bi mí pé èyí tó kù dà, ibẹ̀ lo ti gba orúkọ Ọ̀gá Kékeré. Ẹnu mi ni ìṣó wọ̀nyẹn ti máa ń bọ́. Tí ọwọ́ òsì bá di pákó mú, tí ọwọ́ ọ̀tún di òòlù mú, ẹnu ni ọwọ́ kẹta, mẹ́fà mẹ́fà ni mo sì máa ń fi eyín iwájú di ìṣó mú láti nǹkan bí ogójì ọdún. Àwọn eyín náà ò ráhùn, wọ́n kàn ń dágbére lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹrin ló ṣẹ́ sórí ìṣó lọ́jọ́ tí mo ń kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì ni mo ń kó ìṣó sí, ìyá rẹ ni ó sì ń rán ihò àpò náà, tí ó bá ti rán an tán a óò jọ jà díẹ̀. Tí mo bá sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ jáde ní àlàfo náà. Èmi ní èéjí ni, pé ó kàn fẹ̀ díẹ̀ ni. Onígbàjámọ̀ ní kí n wá dúró ti àga òun kí n máa kí àwọn oníbàárà òun, pé tí mo bá ti kí wọn lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo irun ọrùn wọn á ti fẹ́ lọ.

Ìgbà náà ni ìwọ, ọmọ tó mọ iyì òbí, fi ìwé ìnṣọ́ránsì ránṣẹ́. Bó ṣe yé mi nìyí: iléeṣẹ́ rẹ ti fi orúkọ èmi àti ìyá rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn kan, àwọn yẹn sì ti gba ara wa sí ìtọ́jú, bí èèyàn ṣe ń bá ẹni tó rìnrìn-àjò tọ́jú ilé. Mo wá rò ó dáadáa. Mo ní ilé tó ti wà lọ́wọ́ alágbàtọ́jú, kò yẹ kéèyàn kàn máa kan ìṣó mọ́ ògiri rẹ̀ láìsọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè wọ́n lọ́jọ́ tí mo fẹ́ jẹ àgbàdo sísun. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ dáhùn, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, ṣùgbọ́n kò ní ìwà. Mo kí i, kò dáhùn. Mo bèèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní kí n tẹ ení. Mo ní ìyẹn kọ́ ni mo bèèrè, ó tún ní kí n tẹ èjì. Nígbà tó yá ó fi orin sí i, ó lọ, mo gbọ́ orin yẹn títí àgbàdo fi tutù. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan gbé e, òun ní tirẹ̀ kàwé, ó sì ní ìwà. Mo ṣàlàyé pé mo fẹ́ jẹ àgbàdo, pé mo ní kí n tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí wọ́n má baà ní mo lo ẹnu wọn ní ìlòkulò.  Ó wá ní àwọn ò lòdì sí i. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì kọ déètì sí i.

Wọ́n wá fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ nítorí owó eyín, kò sì yọ ohunkóhun sílẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọjọ́ tí eyín kọ̀ọ̀kan lọ. Mo kọ gbogbo rẹ̀: èkíní lọ ní ọdún tí a kan òrùlé iléèwé, èkejì lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá rẹ ò bá mi sọ̀rọ̀, ẹ̀kẹta kò fẹ́ lọ, èmi ni mo fi òwú fà á. Ààyè ò tó, mo fi ẹ̀yìn ìwé kún un. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi eyín tuntun ṣe. Mo kọ ọ́ pé láti di ìṣó mú. Ìyá rẹ ní kí n fi oúnjẹ kún un kí wọ́n má baà rò pé orí mi ti yí, mo wá kọ “àti oúnjẹ” sí ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ fi àwọn eyín tí mo tọ́jú sínú agolo ìṣó há inú àpòòwé náà fún ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ìyá rẹ gba àpòòwé lọ́wọ́ mi, ó fi itọ́ lẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ọkùnrin oníwà yẹn pè mí padà. Ó ní ó mà ṣe o, Bàbá, eyín tó ti lọ kí orúkọ yín tó wọ ìwé wa, kò kàn wá. Ó ní pẹ̀lúpẹ̀lù, eyín tí wọ́n ń gbìn mọ́ egungun, ọ̀ṣọ́ ni àwọn kà á sí, bí èèyàn bá tilẹ̀ forúkọ sílẹ̀ láti inú oyún, àwọn ò ní san án. Eyín àfisí nìkan ni àwọn ń san, ì báà jẹ́ ìgbà wo ni eyín ti lọ, èyí tí èèyàn ń fi sẹ́nu tó sì ń yọ, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún márùn-ún. Mo ní kó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mo ní kì í ṣe eyín àtijọ́ ni mo ń bèèrè, àlàfo ni mo ń wí, àlàfo náà kò sì lọ níbì kankan, ó wà lẹ́nu mi lónìí olónìí, mo jí bá a láàárọ̀ yìí, nítorí náà tòní ni.  Ó ní òun á fi tó àwọn ọ̀gá òun létí.

Ọjọ́ kẹta ni ìwọ pè, tí o ní kí n fọkàn balẹ̀, pé o ti bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbà, gbogbo eyín gbígbìn náà ni wọ́n máa san. Áà! Ìdùnnú tó bá mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe nítorí eyín o. Nítorí pé mo fi ẹnu tí ò léyín borí iléeṣẹ́ tó ní ilé alájà mẹ́fà. Mo lọ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Mo sọ ọ́ fún tíṣà, ó ní ọ̀rọ̀ àlàfo yẹn jinlẹ̀. Odindi oṣù kan ni mo fi ń rìn bí lọ́yà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nílé ìwòsàn ńlá, wọ́n gbé mi sórí àga kan tó mọ iṣẹ́ ju àwọn èèyàn kan lọ. Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń sùn sẹ́yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ láti mọ bí wọ́n ṣe kàn án, dókítà ní kí n jọ̀ọ́ kí n dìde nílẹ̀. Obìnrin ni dókítà náà, kò jù ọ́ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya fọ́tò egungun mi. Ṣẹ́ẹ̀tì mi tó dáa jù ni mo wọ̀ nítorí fọ́tò náà, ṣẹ́ẹ̀tì ò hàn níbẹ̀ rárá, egungun nìkan ló hàn, ó ń ṣí eyín síta. Mo ní kí wọ́n tún un yà, ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ó wá mú ohun tí wọ́n fẹ́ gbìn sí mi lẹ́nu jáde. Ọ̀gá Kékeré, sukúrù ni! Sukúrù gidi, tó ní ẹ̀gbẹ́ yíyí, kò tóbi ju èyí tí mo fi ń de híńjì ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Wọ́n á dá egungun lu, wọ́n á yí i wọlé, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà kí egungun lè dì í mú, kí wọ́n tó wá gbé eyín lé e lórí. Mo sọ fún dókítà pé iṣẹ́ kan náà ni èmi àti òun ń ṣe. Mo bi í bóyá ó máa ń kọ́kọ́ dá ihò kékeré kí igi má baà là, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í bóyá ó máa ń fi ọṣẹ pa ẹnu sukúrù kó lè wọlé wẹ́rẹ́, ó ní rárá, omi tútù ni àwọn ń tú sí i kó má baà gbóná. Mo ní ìyẹn náà dáa, èmi náà á gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹnu ló bá mu. Egungun gbọ́dọ̀ nípọn tó. Mo ní òótọ́ ni, sukúrù kì í dúró nínú pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sì fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi gbì gbì bí mo ṣe máa ń kan pákó, mo ní kó gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó ní èrìgì gbọ́dọ̀ wà láìsí àrùn. Ó bèèrè ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà, ó bèèrè oògùn tí mo ń lò, ó bèèrè bóyá mo lè máa fọ̀ ọ́ láràárọ̀ àti lálaalẹ́ láìṣọ̀lẹ, ó wá bèèrè bóyá mo máa ń fa tábà, nítorí pé èéfín kì í jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ jinná. Mo ní èmi kẹ̀, láéláé. Ó ní ta ló wá ni ìkòkò tábà tó yọrí jáde nínú àpò yín yẹn. Mo ní ti onígbàjámọ̀ ni, mo kàn bá a mú un rìn jáde kó lè gba atẹ́gùn. Ó ní kí onígbàjámọ̀ náà jọ̀ọ́, kó fi sílẹ̀ fún oṣù kan. Mo fi sílẹ̀ lóòótọ́. Béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ. Ó ní kí n tún lọ rò ó sí i, pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń lo eyín àfisí tó sì tó wọn, kò sí ìtìjú níbẹ̀, pé èyí tó bá bá ara mi àti àpò mi mu ni kí n yàn. Mo ní ọ̀rọ̀ àpò ti parí. Mo ní kò tíì gbọ́ ni, èmi ni mo borí àwọn onínṣọ́ránsì. Ó wò mí bákan. Ìsinsìnyí ni wíwò yẹn tó yé mi.

Ó wá di ọjọ́ tí wọ́n máa gbin sukúrù. Mo lọ, mo jókòó sórí àga, dókítà gbé fọ́tò egungun mi sókè sí iná, ó mi orí, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní Bàbá, ó dùn mí, egungun yín ti tín-ín-rín jù, sukúrù ò lè dúró níbẹ̀. Mo ní kó má sunkún mọ́, bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Ìyá rẹ ti wúkọ́. Ó ní fọ́tò egungun yẹn wà lára ògiri pálọ̀ wa níbí, níbi tí èmi fúnra mi kàn án mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó, kò sì sí àlejò tó wọlé tí ò sọ pé egungun yẹn ki bí òpó ilẹ̀kùn. Ó ní àfi tí mo bá fẹ́ kí òun fúnra òun kọ lẹ́tà tiẹ̀.

Ó dáa, kì í ṣe egungun. Ìwé ni. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n fún mi ní àpòòwé kan lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé. Ìwé ìnṣọ́ránsì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn ò ní san ohunkóhun lórí eyín gbígbìn. Ìwé kejì wà lábẹ́ rẹ̀, ìwé tìrẹ, pé kí wọ́n máa yọ owó náà nínú owó oṣù rẹ fún ọdún méjì gbáko, bẹ̀rẹ̀ láti ìparí oṣù yìí. O wá fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má sọ fún Bàbá. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn. Èmi ni mo fi èédú kọ́ ọ ní á, bí, dí lára pákó ṣọ́ọ̀bù.

Ojú ẹsẹ̀ ni mo dìde lórí àga náà, mo nàró ṣánṣán, mo ní ẹ gbé sukúrù yín padà sínú páálí, ọmọ mi ń lọ iléèwé!  Nọ́ọ̀sì kan pàtẹ́wọ́. Mo fi ọ̀wọ̀ jáde, mo rọra ń rìn.

Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ fi fẹ́ tú, ó ti lọ sí ilé ìdáná báyìí, mo ṣì ń gbọ́ ọ lọ́hùn-ún. Fi í sílẹ̀.

Irọ́ tí o pa fún mi yìí, Ọ̀gá Kékeré, mi ò bínú sí i. Ó tilẹ̀ dùn mọ́ mi nínú, nítorí irọ́ tó gúnrégé ni, kò ní ihò, ó sì hàn pé ọmọ mi ni ẹ́. O jẹ́ kí n rìn bí lọ́yà fún oṣù kan gbáko. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ná ọ ní ọdún méjì. Ó ti pẹ́ tí o ti ń sọ pé o fẹ́ padà kàwé, tí o ń jẹ búrẹ́dì lásán ní ọ̀sán kí owó náà lè pé, o rò pé ìyá rẹ ò sọ fún mi. Bàbá tó bá gba irú eyín bẹ́ẹ̀ sẹ́nu, kí ló fẹ́ fi jẹ? Lọ sí ọ́fíìsì lọ́la, gba ìwé yẹn, kí o fà á ya. Fi àjákù rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi kí n lè fi ojú rí i, nítorí mo mọ ẹni tó kọ́ ọ ní irọ́ pípa.

Èyí tó wà nínú ife yìí, àfisí ni. Ibì kan wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ tó wà nínú ìwé àwọn onínṣọ́ránsì, ọ̀gá kan ló ń ṣe eyín níbẹ̀, yàrá rẹ̀ dà bíi ṣọ́ọ̀bù mi gan-an, òòlù kékeré, ayùn kékeré, èérún funfun nílẹ̀. Mo lọ síbẹ̀ dípò ilé ìwòsàn ńlá nítorí pé èrò ò pọ̀ níbẹ̀. Ó ní kí n gé nǹkan rírọ̀ kan jẹ, ó fi ṣe ìwọ̀n, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó gbé eyín mẹ́rin fún mi lórí pátákó pupa kékeré kan, ó bá ẹnu mi mu bí pákó tí a fá dáadáa. Àwọn onínṣọ́ránsì san án láìjanpata. Mo pe ọkùnrin oníwà yẹn láti dúpẹ́, ó bi mí bí àgbàdo ṣe rí.

Ọ̀gá náà kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe fi di ìṣó mú láéláé. Nítorí náà, mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo fi di ìṣó mẹ́fà mú. Mo ń ka ìwọ̀n pákó lọ́wọ́ ni adìẹ dúdú kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, mo ní kí n lé wọn, bí mo ṣe la ẹnu báyìí, ìṣó mẹ́fà àti eyín mẹ́rin jọ bọ́ sínú èérún igi pọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ń ṣa wọ́n. Mo rí ìṣó márùn-ún, mo rí eyín. Mo wá gbọ́ ara mi tí mo ń sọ ọ́ sókè pé èyí tó kù dà. Mo jókòó sínú èérún igi, níbi tí o máa ń jókòó sí. Wá sílé tí iléèwé bá fún yín ní ìsinmi.

Ìtọrọ mi ò pọ̀. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra ife tó ní ọmọrí, nítorí pé ife tí ìyá rẹ fi pamọ́ fún àlejò ni mo ń lò, ó sì ti fi ẹ̀sọ̀ sọ fún mi pé ní ọjọ́ kan òun á da omi inú rẹ̀ nù láìwò ó. Tó bá ṣẹ́ kù, fi kún un kí n ra àpò aláwọ tí a ń so mọ́ ìdí fún ìṣó. Tí kò bá ṣẹ́ kù, ife nìkan ti tó. Má ṣe yá owó nítorí ife.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o kàwé yẹ, kó sì yé ọ. Ìwé tí o bá fọwọ́ sí láti òní lọ, ayọ̀ ni kó máa mú bọ̀ wá bá ọ. Eyín tìrẹ á bá ọ dọ́jọ́ alẹ́, gbogbo wọn, kò ní sí ọ̀kan tó máa dágbére láìpé ọjọ́. Ohun tí o fi ọwọ́ ara rẹ wá, ẹnu ara rẹ ni o máa fi jẹ ẹ́, o ò ní yá ẹnu ẹlòmíràn lò. Àmín.

Mo rò pé mo ti parí o. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ti padà láti ilé ìdáná, ó lọ mú ẹsẹ̀ bàtà òsì mi jáde lábẹ́ ibùsùn, ó gbé e lé tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife eyín, ó jókòó síwájú mi, ó káwọ́ lẹ́rán. Ó ní lẹ́tà yìí ò ní jáde nínú ilé yìí bí mi ò bá sọ òótọ́. Ó ní dókítà yẹn ní nọ́ńbà fóònù rẹ, pé tí kì í bá ṣe èmi ni mo sọ ọ́ fún ọ, òun ló máa sọ ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Egungun mi dáa. Dókítà ní èrìgì mi dáa, kò sí ṣúgà nínú ìtọ̀ mi, eyín gbígbìn bá mi mu. Mi ò tíì ka ìwé kankan lọ́jọ́ yẹn, àpòòwé náà wà lábẹ́ ìdí mi, mo jókòó lé e. Wọ́n dá àga náà sùn sẹ́yìn. Dókítà kọ ẹ̀yìn sí mi láti wọ ìbọ̀wọ́, mo sì gbọ́ tí ẹ̀rọ ìdáhò dún nínú yàrá kejì. Ogójì ọdún ni mo ti fi ń dá igi lu, mo mọ ohùn yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò tíì wà ní ipò pákó rí. Mo dìde, mo já àpòòwé mi mú, mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, bàtà ọ̀tún bọ́ sábẹ́ àga, mi ò yíjú padà, ẹsẹ̀ bàtà kan ni mo wọ̀ délé. Ìtìjú bàtà yẹn ni kò jẹ́ kí n tún padà lọ sílé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀rù ló bà mí, ọmọ mi. Nígbà tí mo ń sáré, owó iléèwé rẹ ò sí lọ́kàn mi rárá. Ó di alẹ́ kí ìyá rẹ tó ṣí àpòòwé náà, tó kà á sí mi létí, ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí ẹsẹ̀ mi ti bá ọ gbà sílẹ̀.